Bàálù Àárọ̀ Láti Kánò

Àwọn obìnrin tó ń to korobá sínú páálí ló kọ́kọ́ rí òkú Rauf Fọláwẹwọ́. Wọ́n wọlé síbi iṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun bí oòrùn ṣe ń yọ, wọ́n sì bá gbogbo ẹ̀rọ ní tútù. Irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí. Rauf ni alábòójútó wọn. Bó bá ti kírun àsùbáà tán, ilé-iṣẹ́ ló máa ń gbà lọ tààrà láti tan ẹ̀rọ sílẹ̀, kí ike inú wọn lè yọ́ kí àwọn òṣìṣẹ́ tó dé. Wọ́n pè é títí, kò jẹ́. Ìgbà tí wọ́n dé yàrá ẹrù tó wà lẹ́yìn pátápátá ni wọ́n rí i, ó dojú bolẹ̀ sáàárín àwọn àpò, ẹ̀yìn orí rẹ̀ ti fọ́, ọ̀pá irin tí wọ́n fi lù ú sì wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ínsípẹ́kítọ̀ Àpọ́nlé Ṣóbándé ni tèṣàn Sàngó rán wá, òun àti Sájẹ́ǹtì Ṣọládé. Obìnrin kúkúrú ni Àpọ́nlé, kì í pariwo, ọ̀rọ̀ kò sì pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Bó bá wọ ibi tí ẹ̀mí ti bọ́, á kọ́kọ́ dúró sójú kan, á máa fojú ká ilẹ̀ bí ẹni tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ jábọ́.

Ó rí ife tíì méjì lórí àpótí kan. Rauf ti mu tirẹ̀ dé ìdajì. Èkejì kún síbẹ̀, ó ti tutù. Ó rí i pé ẹ̀yìn ni wọ́n ti lu òkú náà, nígbà tó bẹ̀rẹ̀ láti gbé àpò kan. Ó wá lọ sídìí ìlẹ̀kùn irin tó já sí ọ̀nà ẹ̀yìn, ó tì í, kò ṣí. Wọ́n ti fi kọ́kọ́rọ́ tì í láti ìta.

Ọlọ́dẹ ẹnu géètì sọ pé òun àti Rauf ni àwọn jọ kírun, tí àwọn sì jọ padà wá, àti pé láti ìgbà náà òun kò kúrò lẹ́nu géètì, ẹnikẹ́ni kò sì gba ọ̀dọ̀ òun kọjá. Ìyẹn ni pé ọ̀nà ẹ̀yìn ni apànìyàn gbà wọlé, ibẹ̀ náà ló gbà jáde, ó sì ti ìlẹ̀kùn pa lẹ́yìn ara rẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ ìlẹ̀kùn náà kò ju méjì lọ. Àpọ́nlé rí ọ̀kan nínú àpò ṣòkòtò Rauf. Èkejì wà lọ́wọ́ máníjà ilé-iṣẹ́ náà, Àlhájì Sirajudeen Adéṣọlá. Kánò sì ni Àlhájì wà láti ọjọ́ Àìkú, ó lọ rí àwọn oníbàárà tó ń ra korobá lọ́dọ̀ wọn.

Ṣọládé fi ọwọ́ kan ìlẹ̀kùn náà, ó yára gbé e kúrò. Ó ní, “Ibí yìí náà ni, Màdáámù.”

Àpọ́nlé mọ ohun tó ń sọ. Ta ni kò mọ̀ ọ́n ní Ọ̀tà? Lọ́dún tó kọjá, iná sọ nínú yàrá yìí nígbà tí iṣẹ́ ń lọ lọ́wọ́. Àwọn tó wà nínú rẹ̀ sáré sídìí ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn, wọ́n bá a ní títì. Ènìyàn mẹ́fà ló kú síbẹ̀. Ọwọ́ Rauf ni wọ́n ti bá kọ́kọ́rọ́. Láti ọjọ́ náà ni àwọn ará àdúgbò ti ń pè é ní Rauf Àtìpa, àwọn ìyá tí ọmọ wọn kú sì máa ń tutọ́ sílẹ̀ bó bá ń kọjá. Kò fèsì fún ẹnikẹ́ni rí.

Nínú àwọn mẹ́fà náà ni Fàlílù wà, ọ̀dọ́mọkùnrin tí ìdí irùngbọ̀n rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù, ọmọ kan ṣoṣo tí Láwàlì, káfíńtà kan ní Joju, bí. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ọ̀, Láwàlì ti fa Rauf láṣọ níwájú gbogbo ènìyàn, ó sì búra pé kò ní rí ààwẹ̀ tó ń bọ̀. Nítorí náà, nígbà tí ìròyìn ikú Rauf dé Joju, àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò kò dúró de ọlọ́pàá. Wọ́n wọ́ bàbá náà jáde nílé, wọ́n lù ú bí ẹni lu bàrà. Apá rẹ̀ ọ̀tún ti dá kí Àpọ́nlé tó dé.

Ọkàn dípíò, ọ̀gá tèṣàn, balẹ̀ pọ̀. Ó ní kí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ ọkùnrin náà sílẹ̀, kí wọ́n gbé e lọ sí kóòtù, kí ìlú sinmi. Àpọ́nlé ní ó dáa, ṣùgbọ́n òun á kọ́kọ́ bá a sọ̀rọ̀.

Láwàlì jókòó sórí bẹ́ǹṣì nínú àtìmọ́lé, wọ́n ti fi pákó méjì àti àkísà di apá rẹ̀. Kò wo ojú ẹnikẹ́ni.

“Bàbá, ṣé ẹ̀yin lẹ pa Rauf?”

“Mo ti pa á lọ́kàn mi láìmọye ìgbà, Màdáámù. Ọwọ́ mi ni kò kàn án.”

Ó bi í ibi tó wà lẹ́yìn àsùbáà. Ó ní òun wà nílé. Ó bi í ẹni tó rí i níbẹ̀.

“Ta ni yóò rí mi? Ìyá ọmọ náà ti padà sọ́dọ̀ àwọn ènìyàn rẹ̀ láti ìgbà tí a ti sin ín. Ẹlẹ́kún sunkún, ó bá tirẹ̀ lọ; aláròpa ló ń sunkún tí kì í dákẹ́. Ta ló fẹ́ wá jókòó ti aláròpa?” Ó na ojú sí ògiri. “Wọ́n ní ọ̀la ni yóò lọ jẹ́rìí níwájú ìgbìmọ̀ tó ń wádìí iná yẹn. Ó dùn mí pé kò débẹ̀. Mo fẹ́ gbọ́ irọ́ tí ó fẹ́ pa.”

Àpọ́nlé jáde, ó sì dúró sí gbangba tèṣàn fún ìgbà díẹ̀. Ẹni tó fa èèyàn láṣọ lọ́jọ́ Jímọ̀ọ̀, èèyàn náà kò ní po tíì fún un lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, kò sì ní kọ ẹ̀yìn sí i láti gbé àpò. Ẹni tí Rauf mọ̀ dáadáa, tí kò fura sí, ni wọ́n jọ wà nínú yàrá yẹn. Ó sọ èyí fún dípíò. Dípíò ní tíì kì í jẹ́rìí ní kóòtù.

Ilé Àlhájì Adéṣọlá wà ní Ojú Ọrẹ́, ibẹ̀ ni wọ́n gbé òkú lọ lẹ́yìn tí dókítà ọlọ́pàá ti yẹ̀ ẹ́ wò. Rauf kò ní ilé mìíràn. Bàrákàt, ìyàwó Àlhájì, ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin. Ìyá wọn kú nígbà tí Rauf ṣì ń mu ọmú, Bàrákàt tó jẹ́ ọmọdé ló pọ̀n ọ́n dàgbà, òun náà ló bẹ ọkọ rẹ̀ kó gbà á síṣẹ́. Nígbà tí Àpọ́nlé wọlé, obìnrin náà jókòó sórí ẹní, ó di aṣọ àbúrò rẹ̀ kan mú, kò sunkún mọ́, ó kàn ń mi síwá sẹ́yìn.

Ọkọ rẹ̀ ti dé. Kí oòrùn tó kàn àtàrí ni ọkọ̀ háyà ti já a sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú báàgì ìrìnàjò rẹ̀, ó sì sáré wọlé, ó wólẹ̀ ti òkú. Ẹni tó bá rí i lọ́jọ́ náà, àánú rẹ̀ á ṣe é. Ọkùnrin tó ga, tó mọ aṣọ wọ̀ ni, ohùn rẹ̀ sì tutù.

Ó ní, “Ohun tó bá ojú ti bá imú, Màdáámù. Àbúrò ìyàwó mi ni wọ́n ń pè é, ọmọ mi ni mo fi ṣe.”

Àpọ́nlé bi í nípa ìrìnàjò rẹ̀. Kò fi ohunkóhun pamọ́. Ó ní ọjọ́ Àìkú ni òun lọ, ọjọ́ Ajé ni òun rí àwọn oníbàárà, òun sùn sí hòtẹ́ẹ̀lì, òun sì wọ bàálù àárọ̀ padà lónìí. Ó mú tíkẹ́ẹ̀tì jáde lórí fóònù, ó nà án sí i.

“Ẹgbẹ̀rin kìlómítà ó lé díẹ̀ ni láti Kánò sí Èkó bí bàálù ṣe ń fò. Wákàtí kan àbọ̀ péré. Ojú ọ̀run mọ́ kedere, mo ń wo ilẹ̀ láti ojú fèrèsé títí a fi kọjá odò Ọya. Mi ò mọ̀ pé òkú ni mo ń bọ̀ wá bá.”

Kọ́kọ́rọ́ ńkọ́? Ó fi han Àpọ́nlé, ó so ó mọ́ kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ rẹ̀. Ó ní òun gbé e lọ sí Kánò, òun gbé e bọ̀. Ó ní bóyá ẹnìkan ti rọ irú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ kan iná ọdún tó kọjá. Àpọ́nlé sọ pé òun rí i pé wọ́n ti tún ilé-iṣẹ́ náà kọ́ dáadáa. Àlhájì mi orí, ó ní, “Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i.”

Àpọ́nlé wò ó. Ènìyàn mẹ́fà ló jó pẹ̀lú ilé ọba yẹn.

Wọ́n sin Rauf ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Kò ju ènìyàn díẹ̀ lọ tó kírun sí i lára.

Lọ́jọ́ kejì, Ṣọládé ti wádìí ọ̀rọ̀ Kánò lórí fóònù. Àwọn oníbàárà ní lóòótọ́ ni àwọn rí Àlhájì lọ́sàn-án ọjọ́ Ajé. Hòtẹ́ẹ̀lì ní ó ti sanwó yàrá di ọjọ́ Ìṣẹ́gun, kò sì sí ohun tó bàjẹ́ níbẹ̀. Ilé-iṣẹ́ bàálù ní lóòótọ́ ni ó ra tíkẹ́ẹ̀tì àárọ̀ Ìṣẹ́gun. Bàrákàt ní ọkọ òun pe òun lálẹ́ ọjọ́ Ajé, ó ní òun ti wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Dípíò rẹ́rìn-ín, ó ní ẹni tó sùn ní Kánò kò lè pa ènìyàn ní Sàngó láàárọ̀, àfi tó bá ní ìyẹ́.

Àpọ́nlé kò jiyàn. Ó gbọ̀nà Ọ̀tà lọ, sọ́dọ̀ akọ̀wé ìgbìmọ̀ tó ń wádìí iná náà. Akọ̀wé jẹ́ àgbàlagbà tó fara balẹ̀. Ó ti ìlẹ̀kùn kó tó sọ̀rọ̀. Ó ní Rauf wá bá òun ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, ó ní òun fẹ́ jẹ́rìí. Rauf ní òun ti dákẹ́ tó ọdún kan nítorí ilé ẹ̀gbọ́n òun, kó má bàa dàrú, ṣùgbọ́n oorun kò wá mọ́. Ó ní máníjà ló pàṣẹ kí òun máa ti ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn láti ìta bí iṣẹ́ bá ń lọ, nítorí àwọn kan ń jí ẹrù gba ibẹ̀. Lọ́jọ́ tí iná sọ, òun sáré kiri láti dé ibẹ̀ pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́. Èéfín ni kò jẹ́. Lẹ́yìn tí wọ́n sin òkú tán, máníjà bẹ òun pé kí òun gba ẹ̀bi náà sọ́rùn, nítorí Bàrákàt.

Àpọ́nlé jókòó títí ọ̀rọ̀ náà fi wọ̀ ọ́ lára. Ọkùnrin kan jẹ́ kí wọ́n máa tutọ́ sí òun fún odidi ọdún kan, nítorí ẹni tó pọ̀n ọ́n. Àpọ́nlé sì wá mọ ẹni tí ikú Rauf ṣe láǹfààní. Ṣùgbọ́n ẹni náà wà ní Kánò.

Ó gbé ìṣirò náà síwá sẹ́yìn lọ́kàn. Ọ̀nà ilẹ̀ láti Kánò ju ẹgbẹ̀rún kìlómítà lọ, awakọ̀ tó bá gbójú gan-an á fi ọjọ́ kan àti òru rìn ín. Bàálù nìkan ló lè yára tó bẹ́ẹ̀. Àlhájì sì ti wọ bàálù lójú gbogbo ayé, ní àárọ̀ Ìṣẹ́gun, lẹ́yìn tí Rauf ti kú. Ohun kan ṣoṣo ló ń yọ ọ́ lẹ́nu: kò bi Àlhájì ní iye kìlómítà, kò bi í ní iye wákàtí. Ẹni tí àna rẹ̀ kú kì í ka kìlómítà síni létí, àfi tó bá ti ń há a sórí tẹ́lẹ̀.

Ọjọ́ Jímọ̀ọ̀ ni ọyẹ́ dé Ọ̀tà. Àwọn ènìyàn jí, wọ́n bá ojú ọ̀run tó funfun bí ẹni fi ẹfun kùn ún, ètè ń bó, eruku pupa rẹ́súrẹ́sú sì ti bo orí tábìlì. Àpọ́nlé ń nu ọ́fíìsì rẹ̀ nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Olúkẹ́mi pè é. Kánò ni Olúkẹ́mi ti ń gbé láti ìgbà tó ti lọ́kọ. Àpọ́nlé ń ráhùn fún un nípa eruku. Olúkẹ́mi rẹ́rìn-ín, ó ní àjẹkù ará Kánò ni àwọn ará Ọ̀tà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jẹ.

“Òru Ajé mọ́jú Ìṣẹ́gun ló dé bá wa. Láàárọ̀, o ò lè rí ilé ẹni tó dojú kọ ọ́. Ọkọ mi tó fẹ́ wá sí Èkó jókòó sí pápákọ̀ títí di àsáárì, wọ́n ní bàálù kankan kò lè gbéra. Ó padà wálé ni. Ọjọ́rú ni wọ́n tó gbé wọn.”

Aṣọ tí Àpọ́nlé fi ń nu tábìlì dúró lọ́wọ́ rẹ̀.

“Bàálù kankan kò fò láàárọ̀ Ìṣẹ́gun?”

“Kankan. Kí ló dé?”

Kò sọ ohun tó dé fún un. Òun àti Ṣọládé gba Abúlé Ẹ̀gbá lọ sí pápákọ̀ òfurufú Ìkẹjà lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Obìnrin tó wà ní ọ́fíìsì ilé-iṣẹ́ bàálù wo ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó ní òótọ́ ni. Àlhájì Adéṣọlá ra tíkẹ́ẹ̀tì àárọ̀ Ìṣẹ́gun, ṣùgbọ́n kò yọjú sí pápákọ̀ Kánò. Tó bá tilẹ̀ yọjú, kò sí ohun tí ì bá wọ̀. Sájẹ́ǹtì di ojú rẹ̀, ojú tì í. Tíkẹ́ẹ̀tì ló béèrè lọ́wọ́ wọn, kò béèrè bàálù.

Àpọ́nlé wá bi obìnrin náà ohun kejì: ta ló tún ra tíkẹ́ẹ̀tì láti Kánò sí Èkó fún ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé, ní wákàtí kan náà tí wọ́n ra ti Àlhájì, láti orí fóònù kan náà? Obìnrin náà wò ó, ó ka orúkọ náà jáde.

Ṣọládé ní kó tún un kà.

“Fàlílù Láwàlì,” ni obìnrin náà wí.

Àpọ́nlé kọ orúkọ náà sílẹ̀, wọ́n sì gbọ̀nà Sàngó padà.

Ọjọ́ kẹjọ ìsìnkú ni Àpọ́nlé padà sí Ojú Ọrẹ́. Ó dúró kí àwọn àáfáà ṣàdúà fídáù tán, kí àwọn àlejò sì túká. Ó ku Àlhájì lórí àga rẹ̀ àti Bàrákàt tó ń kó àwo. Àpọ́nlé bẹ Bàrákàt pé kó lọ sinmi nínú yàrá. Obìnrin náà ní òun fẹ́ gbọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ àbúrò òun dé, ó sì jókòó sórí ẹní. Àpọ́nlé kò ní agbára láti lé e.

Ó ní kí Àlhájì tún ìrìnàjò rẹ̀ sọ. Àlhájì sọ ọ́ gẹ́gẹ́ bó ṣe sọ ọ́ tẹ́lẹ̀, títí dórí odò Ọya.

“Bàálù yẹn kò gbéra, Àlhájì. Ọyẹ́ dé bo Kánò mọ́jú ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Kò sí ẹyẹ irin tó fò níbẹ̀ láàárọ̀.”

Àlhájì gbé ojú sókè. Ó ní bóyá bàálù mìíràn ni òun wọ̀, ìbànújẹ́ kò jẹ́ kí òun rántí dáadáa.

“Bàálù kankan kò fò. Tó bá sì jẹ́ mọ́tò lẹ wọ̀ láàárọ̀ náà, ẹ kò ní tíì dé odò Ọya nígbà tí ẹ ń sunkún nínú ilé yìí. Èkó lẹ wà, nítorí ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé lẹ ti dé. Ẹ sanwó yàrá sílẹ̀ ní Kánò kí wọ́n lè rò pé ẹ sùn síbẹ̀. Ẹ pe ìyàwó yín láti Ìkẹjà, ẹ ní ẹ wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Láàárọ̀, ẹ gba ọ̀nà ẹ̀yìn wọ ilé-iṣẹ́. Rauf rí yín, ó yà á lẹ́nu, ṣùgbọ́n ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni yín. Ó po tíì fún yín. Ẹ̀yin lẹ kò lè mu ún. Ẹ ní kó gbé àpò kan fún yín, ó sì bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ ti ìlẹ̀kùn, bí ẹ ṣe fẹ́ràn kí wọ́n máa tì í, ẹ padà lọ gba ọkọ̀ háyà lẹ́nu pápákọ̀, ẹ wá sílé gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ti Kánò dé. Fóònù sọ jíjìnnà ọ̀nà fún yín, ó sọ iye wákàtí, òótọ́ sì ni. Kò kàn sọ bí ojú ọ̀run yóò ṣe rí ni.”

“Ẹ̀rí dà?”

Ṣọládé gbé àwòrán kan sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Kámẹ́rà pápákọ̀ ló yà á nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé: Àlhájì nínú fìlà tó fà dé ojú, ìbòmú ní ìsàlẹ̀ àgbọ̀n, ó ń jáde. Sájẹ́ǹtì tún gbé káàdì ìdánimọ̀ kan lé e. Èéfín ti mú kí fọ́tò orí rẹ̀ di rúsúrúsú, ṣùgbọ́n orúkọ Fàlílù ṣì hàn.

Àpọ́nlé ní, “Àárọ̀ yìí la rí i nínú dúrọ́ọ̀ ọ́fíìsì yín, láàárín àwọn ohun tí wọ́n yọ lára àwọn òkú. Bàbá rẹ̀ wá béèrè ohun ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ yín, ẹ ní gbogbo rẹ̀ ló jóná. Ẹ fi orúkọ òkú wọ bàálù, ẹ sì wá dá a padà síbi tí ẹ ti mú un. Bóyá ẹ rò pé kò sí ẹni tó ń wá wọn mọ́.”

Àlhájì ti àwòrán náà sẹ́yìn. Ohùn tútù yẹn lọ. Ó ní òun kọ́ ni òun dá iná. Ó ní àwọn òṣìṣẹ́ ń jalè, àwọn tó ni ilé-iṣẹ́ sì ń yọ òun lẹ́nu lórí rẹ̀, kí ni wọ́n fẹ́ kí òun ṣe? Ó ní ọdún kan ni Rauf fi dákẹ́, ariwo ti lọ sílẹ̀, kí ló dé tó tún fẹ́ lanu?

Àpọ́nlé ṣe àmì sí Ṣọládé pé kó dìde mú un. Ìbéèrè kan ṣẹ́kù tí kò fẹ́ béèrè nínú yàrá yẹn. Ìlú mọ̀ pé Rauf máa jẹ́rìí, ṣùgbọ́n akọ̀wé ìgbìmọ̀ nìkan ni wọ́n ní ó sọ fún pé òun máa dárúkọ ẹni tó pàṣẹ, akọ̀wé sì ti búra pé òun kò bá ẹ̀dá kankan sọ ọ́. Ẹnìkan ti sọ fún Àlhájì. Àpọ́nlé ti rò ó, ó sì ti pinnu pé kóòtù lè ṣe é láìsí ìdáhùn yẹn.

Ṣùgbọ́n Àlhájì fúnra rẹ̀ yí ojú sí ìyàwó rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń de ọwọ́ rẹ̀. Bóyá ìbínú ni, bóyá ó kàn fẹ́ kí ẹnìkan bá a gbé ẹrù náà.

“Ẹ bi í bí mo ṣe gbọ́. Òun ló sọ fún mi.”

Bàrákàt kò kígbe. Ó wo ọkọ rẹ̀, ó wo Ínsípẹ́kítọ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń ka iṣẹ́ tí wọ́n rán an. Rauf wá bá òun nínú ilé ìdáná, ó ní òun fẹ́ lọ sọ òótọ́ nípa ìlẹ̀kùn yẹn, ó bẹ òun pé kí òun má bínú. Òun kò bínú. Ẹ̀rù ìjà ni ó ba òun. Nígbà tí òun gbé oúnjẹ fún ọkọ òun lálẹ́, òun kúnlẹ̀, òun ní bó bá gbọ́ ohunkóhun láti ẹnu Rauf níwájú ìgbìmọ̀, kó jọ̀wọ́ kó fi orí jì í nítorí òun. Ọkọ òun fọ ọwọ́ rẹ̀, ó ní kò burú.

“Ó ní kò burú,” ni ó tún wí. “Ṣé ká ní mo dákẹ́, ó máa wà láàyè?”

Àpọ́nlé ti dáhùn ìbéèrè púpọ̀ lẹ́nu iṣẹ́ yìí. Ó jókòó sórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni wọ́n tú Láwàlì sílẹ̀. Dípíò kò jáde wá bá a. Ó ní kí Àpọ́nlé bá a sọ ọ́ bó bá ṣe yẹ. Àpọ́nlé jókòó tì í lórí bẹ́ǹṣì ìta, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un: ẹni tó pàṣẹ kí wọ́n máa ti ìlẹ̀kùn, ohun tí Rauf fẹ́ lọ sọ, àti ìdí tó fi dákẹ́. Láwàlì gbọ́ ọ láìmira. Ó ní, “Mo fa Rauf láṣọ. Ó ń wò mí lójú, kò bá mi jà.” Omi bọ́ lójú rẹ̀, kò fi ọwọ́ rẹ̀ òsì nù ún.

Àpọ́nlé wá sọ ti bàálù. Ì bá fi í pamọ́, ṣùgbọ́n bó bá fi í pamọ́, kóòtù ni bàbá náà yóò ti gbọ́ ọ.

Ọkùnrin náà yí ojú sí i.

“Fàlílù kò wọ bàálù rí,” ni ó wí. Ó bi í bóyá òun lè gba káàdì náà. Iná jó gbogbo ohun yòókù tó wà lára ọmọ náà, fóònù tí fọ́tò rẹ̀ wà nínú rẹ̀ náà jó, àwọn kò sì ya fọ́tò rẹ̀ kọ́ sí ògiri nígbà tó wà láàyè, nítorí àwọn rò pé ìgbà pọ̀.

“Ẹ̀rí ni, Bàbá. Ó di ìgbà tí ẹjọ́ bá parí.”

Àwọn méjèèjì mọ bí ẹjọ́ ṣe ń pẹ́ tó ní kóòtù. Láwàlì mi orí, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó dìde. Egungun apá rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í so ní wíwọ́, kò sì ní lè fa rẹ́dà lórí pákó mọ́ láyé rẹ̀. Ó sọdá títì nínú eruku ọyẹ́, ó kọrí sí Joju, kò sì dúró de ọ̀kadà tí Àpọ́nlé ń bá a dá dúró.